Kí Owó Yín Tó Wọ Ilẹ̀ Èkìtì: Bí A Ṣe Ń Wọn Ewu àti Èrè Nínú Ilẹ̀ Ríra àti Ilé Ayálégbé

Nígbà tí owó bá wọlé fún ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun, ilẹ̀ àti ilé ni ọkàn wọn kọ́kọ́ máa ń lọ sí, nítorí wọ́n gbà pé ilẹ̀ kì í jẹrà, kì í sì í sá lọ. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ kì í sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní lórí rẹ̀ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, owó tí a fi rà á sì lè há síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Lójú tèmi, oríṣi mẹ́ta ni ewu inú òwò yìí. Ìwádìí lè mú òmíràn kúrò pátápátá, owó lè dín òmíràn kù, ṣùgbọ́n ìkẹta kò ní oògùn kankan ju pé kí a ní agbára láti gbé e. Ohun tó ń ba owó àwọn ènìyàn wa jẹ́ jù ni pé wọ́n ń fo ìwádìí tí kò ná wọn ní púpọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi owó tí kò lè dúró ra ohun tó ń béèrè sùúrù. Nítorí náà, orí owó ni ìtọ́sọ́nà yìí ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé orí ilẹ̀ àti ìwé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ irú owó tó wà lọ́wọ́ yín

Owó ilé-ìwé ọmọ tó máa wọ yunifásítì ní ọdún mẹ́ta sí i kì í ṣe owó ilẹ̀. Bákan náà ni owó ìtọ́jú òbí tó ti dàgbà, àti owó tí ẹ fi ń yí ọjà. Bí àìní bá dé lójijì, ẹni tó bá rí i pé ẹ ń kánjú ni yóò bá yín dá iye lé ilẹ̀ náà. Ní ìgboro Adó pàápàá, olùrà tó ní owó lọ́wọ́ lè pẹ́ ní oṣù mélòó kan kó tó dé; ní abúlé, ó lè di ọdún. Owó tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ó kéré tán ọdún márùn-ún nìkan ni mo máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kó fi ra ilẹ̀.

Ní ti owó yíyá, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú 100 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn báǹkì tó ń yá aráàlú lówó a sì tún fi tiwọn lé e. Owó ilé ayálégbé ní Èkìtì kò lè san irú èlé bẹ́ẹ̀. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rọrùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mú kọ́bọ̀ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ lè san án tán láti inú owó oṣù rẹ̀ nìkan, bí ẹni pé ilẹ̀ náà kò sí rárá.

Kí ẹ tó sọ iye tí ẹ lè san fún ẹnikẹ́ni, ẹ ya owó ìwádìí, owó awọnlẹ̀, owó agbẹjọ́rò àti owó ìforúkọsílẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán sórí ilẹ̀ kì í rí owó ṣe ìwé, ilẹ̀ tí kò sì ní ìwé ló rọrùn jù lọ láti tún tà fún ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ọ̀nà tí èrè yóò gbà wá, kí ẹ sì fi ìṣirò dán an wò

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni ríra ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa gbówó lórí. Inú ènìyàn máa ń dùn bí ilẹ̀ tó rà ní ₦1,500,000 bá di ₦3,000,000 lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: ìlọ́po méjì láàárín ọdún mẹ́fà kò ju bí ìdá 12 nínú 100 lọ́dọọdún lọ. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọ̀wọ́n gógó ọjà tó ìdá 34.80 nínú 100 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, kí wọ́n tó yí ọ̀nà ìṣirò wọn padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Níbi tí ọjà bá ti ń gbówó lórí báyìí, ilẹ̀ tó kàn di ìlọ́po méjì lè ti pàdánù apá púpọ̀ nínú agbára owó tí ẹ gbé sí i. Nítorí náà, ẹ má ra ilẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Ẹ béèrè ohun tó máa mú kí ẹlòmíràn nílò rẹ̀: ọ̀nà tí wọ́n ti ń ṣe lójú yín, ilé-ìwé, ọjà, tàbí ilé ènìyàn tó ti ń sún mọ́ ibẹ̀ lọ́dọọdún.

Ìròyìn pé ìjọba fẹ́ ṣe nǹkan kan ní àdúgbò kan kò tó láti gbé owó lé. Agbègbè pápákọ̀ òfurufú ìlú Adó jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: ibi tí iṣẹ́ ìjọba bá ti ń gbé owó ilẹ̀ sókè, ibẹ̀ náà ni ìjọba ti lè gba ilẹ̀ kún ilẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún Gómìnà láṣẹ láti gba ilẹ̀ padà fún àǹfààní gbogbo ìlú. Owó gbà-máà-bínú tí òfin náà là kalẹ̀ dá lórí ilé, ohun ọ̀gbìn àti àtúnṣe tí ènìyàn ti ṣe sórí ilẹ̀. Ní ti ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba ní ọdún tí wọ́n gbà á ni wọn yóò dá padà, bí ẹ bá san án. Ìyẹn ni pé ẹni tó ra ilẹ̀ òfìfo ní owó gọbọi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìjọba lè máà gba ohun tó tó nǹkan bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kíkọ́ ilé fún ayálégbé, pàápàá jù lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwọ̀rọ̀kọ̀ àti ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 wà, àti ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀, kì í ṣe pé mo ń sọ iye ọjà fún yín. Ká ní ilẹ̀ jẹ́ ₦2,000,000, kíkọ́ yàrá self-contain mẹ́fà sì jẹ́ ₦12,000,000, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú ₦200,000 wọlé lọ́dún. Lórí ìwé, ₦1,200,000 ni. Bí yàrá kan bá ṣófo, tí ẹ sì ná ₦250,000 lórí omi, àtúnṣe àti ẹni tó ń bójú tó o, ₦750,000 ló kù, èyí tó jẹ́ bí ìdá 5.4 nínú 100 owó yín. Ó máa gba bí ọdún mọ́kàndínlógún kí owó tó wọlé padà bí owó ilé kò bá kúrò lójú kan.

Ẹ wá fi ọdún burúkú kún un. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, wọn kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ní 2020 náà, àrùn Kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì ló jọ ti ilé-ìwé pa. Bí ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò bá san owó lọ́dún bẹ́ẹ̀, ₦350,000 péré ló kù nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn ìdá 2.5 nínú 100. Ewu yìí wà nínú èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè mú kúrò, ṣùgbọ́n a lè dín in kù bí a bá kọ́ ilé náà sí ibi tí òṣìṣẹ́, nọ́ọ̀sì tàbí oníṣòwò náà lè gbé, tí a sì ya ilé náà bí èyí tí ìdílé kékeré lè lò. Mo fẹ́ràn ilé tó wà láàárín ìlú àti ilé-ìwé ju èyí tó dojú kọ géètì yunifásítì lọ, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré díẹ̀. Kí ẹni tó ń kọ́lé sì parí yàrá méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ àwọn yòókù. Yàrá mẹ́fà tí a kò parí kò pa kọ́bọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ilẹ̀ oko. Nígbà tí owó kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé ní 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré ra oko. Owó náà ti wálẹ̀ gan-an lẹ́yìn ìgbà yẹn. Kòkó máa ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so dáadáa, nítorí náà iye tí a ń tà á lónìí kọ́ ni ẹ ó bá ní ọjà. Ẹni tí kò bá ní alámòójútó tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ní abúlé, ẹ jọ̀wọ́, kó fi oko sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wádìí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ewu rẹ̀ wà lára èyí tí ìwádìí lè mú kúrò.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a ń tà ní Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí tàbí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ ẹbí jáde. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni òfin ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà, bí ẹni pé a kò tà á rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà tó ṣojú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí, títà náà wà títí wọn yóò fi pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì lè fagi lé e. Bí olórí ẹbí bá sì ta ilẹ̀ ẹbí bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni, òfo ni èyí náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń rà nílò olórí ẹbí àti àwọn àgbà náà pọ̀. Ẹyọ ọ̀kan kò tó.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn ilẹ̀ náà fún yín: ta ló kọ́kọ́ dáko níbẹ̀, ìyàwó mélòó ló ní, ìdí-igi mélòó ló pín sí, ta ló ń ṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan lónìí. Ẹ béèrè àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú, nítorí ọmọbìnrin ní ìpín nínú ogún baba rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tí a kò kà sí gan-an ló sábà máa ń dìde lẹ́yìn. Ẹ béèrè àwọn tó wà ní ìdálẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá àwọn tó bá ilẹ̀ náà pààlà, níbi tí pèrègún tàbí òkúta ààlà wà, kí ẹ sì béèrè ìtàn kan náà lọ́wọ́ wọn láìsí ẹni tó ń tà á nítòsí. Bí ìtàn méjèèjì kò bá jọra, ẹ dúró. Ẹ tún dé ọ̀dọ̀ olóyè àdúgbò, nítorí pé àwọn ló sábà máa ń mọ ìjà ilẹ̀ tí kò tíì dé ilé ẹjọ́, kí agbẹjọ́rò yín sì wo ìwé ẹjọ́ ní kóòtù tó wà ní agbègbè náà.

Bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá ti kú láìṣe ìwé ìhágún, ìyàwó tàbí àkọ́bí rẹ̀ nìkan kò lè tà á. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé ẹjọ́ gíga, kí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ sì fọwọ́ sí i.

Oko kòkó ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó ni igi lè má ni ilẹ̀: àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè ti gbin kòkó síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn fi oko náà dógò ni. Nínú àṣà wa àti ní ilé ẹjọ́, oko tí a fi dógò kì í di ti ẹni tó yáni lówó, bó ti wù kó pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ ẹni tó fi í dógò lè san owó náà kó sì gba oko wọn. Ẹ rí i dájú pé oko tí wọ́n fẹ́ tà fún yín kì í ṣe ti ìdógò.

Bí ẹbí bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ rí àwọn àgbà yòókù, tàbí tí wọ́n ń sọ pé olùrà mìíràn ń bọ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ kí olùrà náà rà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba

Ẹ gba awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kí ó wọn ilẹ̀ náà, kí ó sì mú ìwọ̀n rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General (olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀) ní Adó-Èkìtì láti wò ó bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ tàbí ó wọ inú sọ́fè (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀) ẹlòmíràn. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí kò wọ́n rárá bí ẹ bá fi wé iye ilẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n náà dáadáa: plọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 jẹ́ bíi mítà 465 níbùú lóròó, ti ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 sì jẹ́ bíi 669, orúkọ plọ́ọ̀tì kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu ajẹ́ńtì.

Bí wọ́n bá fi ìwé hàn yín, kí agbẹjọ́rò yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ìwé àtijọ́ nílò àkíyèsí. Èkìtì di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, nítorí náà ìwé tó ṣáájú ìgbà yẹn jẹ́ ti ìgbà Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Àkúrẹ́, èyí tó sì ṣáájú 1976 jẹ́ ti ìgbà tí Ìbàdàn ṣì ni olú ìlú wa. Ẹ béèrè ibi tí àkọsílẹ̀ náà wà báyìí, kí ẹ sì tẹ̀ lé e débẹ̀.

C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, dára, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí kò ni ilẹ̀ di onílẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí ó bá hàn pé ẹni tó gbà á kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ilẹ̀ náà ṣáájú. Òun kò ní kí ẹ fo ìgbésẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn òjò ńlá

Ẹ lọ ní àárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ rí ibi tí omi ń gbà, pàápàá nítòsí odò bí Ajílòsùn. Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n, ó lè sọ owó ìpìlẹ̀ di ìlọ́po, ó sì lè jẹ́ kí ẹ gbẹ́ kànga tí kò ní omi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò bí kànga wọn ṣe jìn tó, àti bóyá ó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àìsí omi ni ayálégbé fi ń kó jáde kíákíá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Owó sísan àti ìwé

Ẹ gba báǹkì san owó. Òfin ọdún 2022 tó de fífi owó ṣe màgòmágó kò gba kí ènìyàn san ju ₦5,000,000 lọ ní owó lásán, tàbí ₦10,000,000 fún iléeṣẹ́. Àkọsílẹ̀ báǹkì sì ni ẹlẹ́rìí tí kì í kú. Bí wọ́n bá ní orúkọ ẹnì kan ni kí ẹ san án sí, kí ìwé tí gbogbo ẹbí fọwọ́ sí sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí agbẹjọ́rò ẹni tó ń tà tún jẹ́ tiyín. Kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé, kí ẹlẹ́rìí wà ní ìhà méjèèjì, kí wọ́n sì fa ilẹ̀ náà lé yín lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ gan-an lójú àwọn ẹlẹ́rìí. Bí baba tàbí ìyá kan nínú wọn kò bá mọ ìwé kà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé a ka á fún wọn ní èdè Yorùbá, ó sì yé wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka. Láìsí èyí, wọ́n lè sọ lọ́la pé àwọn kò mọ ohun tí àwọn fọwọ́ sí. Owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé àti owó mìíràn tí àwọn ọmọ onílẹ̀ lè béèrè, ẹ dúnàádúrà rẹ̀ báyìí, kí ó sì wà nínú àdéhùn pé a ti san án tán.

Ẹ̀yin tó wà ní òkè òkun, ẹ má fi orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ra ilẹ̀ nítorí pé ẹ kò sí nílé. Orúkọ yín ni kó wà nínú rìsíìtì, nínú sọ́fè àti nínú àdéhùn. Ìwé àṣẹ aṣojú ni kí ẹ fún ẹni tó ń bá yín sáré. Mo ti rí ìdílé tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní èrò ibi lọ́kàn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Bí iléeṣẹ́ tó ń tà á ní san-díẹ̀-díẹ̀ ni ẹ bá rà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá wọ́n ti san owó ẹbí tán. Bí wọn kò bá tíì san án tán, owó yín ni wọ́n fẹ́ fi san án.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ di ilẹ̀ náà mú

Ẹ rọ fẹ́ǹsì, tàbí bí owó kò bá tó, ẹ ri pílà, ẹ kọ́ yàrá ẹ̀ṣọ́ kan, tàbí kí ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ kan máa gbin àgbàdo síbẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn kíkọ. Lílo ilẹ̀ ní gbangba wà lára ọ̀nà márùn-ún tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ kà ní 1976 nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba pé a lè fi fi ẹ̀tọ́ hàn.

Bí ilẹ̀ náà bá ti ní C of O tẹ́lẹ̀, títà á nílò ìyọ̀ǹda Gómìnà. Ọ̀pọ̀ ń sún un síwájú nítorí owó rẹ̀, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1989 nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo: báǹkì tó yáni lówó lórí ilé láìgba ìyọ̀ǹda náà pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilé ọ̀hún. Títí ìyọ̀ǹda yóò fi jáde, ẹ má ka ilẹ̀ náà sí ohun tí ẹ lè fi yáwó tàbí tí ẹ lè tà ní iye kíkún.

Ẹ fi ojúlówó ìwé pamọ́ sí báǹkì tàbí sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, kí ẹ̀dà wà nílé. Ẹ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ tó ti gbọ́njú dé orí ilẹ̀ náà, kí wọ́n mọ ààlà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àwọn tó bá yín pààlà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún ní nọ́ńbà sọ́fè rẹ̀.